Bí Sáà Ẹ̀kọ́ Ṣe Ń Parí Lókè Òkun: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kún gbọ̀ngàn yìí, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Ifẹ̀ Oòyè, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ẹ kú ilé o. Kí Elédùmarè jẹ́ kí ìjókòó yìí yè wá.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gboyè nínú èdè Yorùbá níbí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló ń múra àtilọ kọ́ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn kan máa gba ọ̀nà ètò Fulbright FLTA lọ, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé olùkọ́ èdè lọ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bèèrè kò ju mẹ́ta lọ: báwo ni ti físà? Báwo ni ti òtútù? Kí ni kí n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì? Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀?

Ìyẹn ni mo bá wá síbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìkẹyìn kì í ṣe ìgbà tí olùkọ́ ń sáré da ìwé tó kù lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ìgbà tí a ń gbọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ lẹ́nu wọn ni, tí a ń ṣírò máàkì bó ṣe yẹ, tí a sì ń tún ibẹ̀ ṣe de ẹni tó ń bọ̀. Olùkọ́ tó mọ Yorùbá dénú eegun lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ba iṣẹ́ oṣù mẹ́rin jẹ́.

Ẹ ka kàlẹ́ńdà láti ẹ̀yìn wá

Sáà ẹ̀kọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń ní lọ́dún. Àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ, ó ń parí ní àárín oṣù Kejìlá. Èkejì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ó ń parí nígbà tí oṣù Karùn-ún bá wọlé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15 ni ìkọ́ni ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kí ọ̀sẹ̀ ìdánwò tó tẹ̀ lé e. Àwa tí ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022 ti mọ́ lára lè rò pé ọjọ́ ìdánwò ṣeé sún. Níbẹ̀, kò ṣeé sún o! Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ yunifásítì ló ń yan ọjọ́ àti wákàtí, olùkọ́ kò sì ní àṣẹ láti yí i padà nítorí pé iṣẹ́ kò tíì tán.

Nítorí náà, ẹ mú ọjọ́ ìdánwò, kí ẹ máa kà padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, àtúnyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ìdánwò àfẹnusọ. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ẹ̀kọ́ tuntun ìkẹyìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan tuntun mọ́. Mo tún un sọ: ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan tuntun mọ́.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Nítorí pé ìwé máa ń ku orí méjì mẹ́ta nílẹ̀, ojú á sì máa ti olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún pọ̀ ní sáà kan. Bí Yorùbá ṣe ń lọ sópin ni kẹ́mísírì àti ìṣirò náà ń lọ sópin. Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá dà lé e lórí lásìkò yẹn kò ní dúró, á tún ti èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ jáde. Ẹni tó lè kí àgbà, tó lè sọ nípa ẹbí rẹ̀, tó lè ra ọjà, tó lè sọ ohun tó ṣe lánàá láìwo ìwé, ó sàn ju ẹni tó ti rí gbogbo orí ìwé gba ojú kọjá lọ.

Ohun kan wà tó máa ń da kàlẹ́ńdà sáà àkọ́kọ́ rú: ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Thanksgiving, Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ilé lọ. Tí wọ́n bá fi máa padà dé, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ló kù, ẹnu wọn á sì ti wúwo. Ẹ fi kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá padà dé tún ìkíni àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ṣe. Ẹ má fún wọn ní ìdánwò kankan lọ́jọ́ náà.

Ìdánwò àfẹnusọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rè é. Ìwé kíkọ kò lè sọ fún yín bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ Yorùbá. Ẹ gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ ọ.

Ká ní èèyàn 14 ló wà ní kíláàsì yín. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 20: 12 fún ọ̀rọ̀ sísọ, 5 fún kíkọ máàkì àti àlàyé sílẹ̀, 3 fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Ìṣẹ́jú 280 nìyẹn, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 40. Ẹ má ṣe é tán lọ́jọ́ kan. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, èèyàn méje lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé etí olùkọ́ máa ń rẹ̀. Tó bá ti di ẹni kẹwàá, àárẹ̀ yín ló ń fún un ní máàkì, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ kọ máàkì kí ẹnì kejì tó wọlé. Tí ẹ bá ní ẹ ó kọ ọ́ lálẹ́, ohùn wọn á ti dàpọ̀ mọ́ra.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni àwọn tó ń lo ìwọ̀n ACTFL, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè ní Amẹ́ríkà, fi ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì bá èdè wa mu dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ fi ìkíni tú u lára: ẹ káàárọ̀, báwo ni, níbo lo ti wá? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí agbára rẹ̀ dé: sọ fún mi nípa ẹbí rẹ, kí lo ṣe lánàá? Ẹ̀kẹta, ẹ tì í kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ rí ibi tó ti máa kọsẹ̀. Ẹ fún un ní káàdì: o wà ní ọjà Odò-Ògbè ní Ilé-Ifẹ̀, o fẹ́ ra iṣu àti ata, owó tí ìyá náà pè ti pọ̀ jù, ná an. Ẹ̀kẹrin, ẹ mú un padà sí ohun tó rọrùn: kí lo máa jẹ lálẹ́ yìí? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fo ìkẹrin yìí nítorí pé kò ní máàkì nínú. Ẹ má fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde lórí ibi tó ti kọsẹ̀ kò ní fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ iye akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú kí Yorùbá wà lára iṣẹ́ tí yunifásítì ń gbà láyè.

Kí lẹ máa retí lẹ́nu wọn? Tí kíláàsì bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 15 jẹ́ wákàtí 60. Sáà méjì, wákàtí 120. Ọmọ tí ìyá ń bá sọ Yorùbá nílé ń gbọ́ iye yẹn kí oṣù kan tó pé. Nítorí náà, ẹ má retí àríyànjiyàn tàbí òwe lẹ́nu ọlọ́dún kìíní. Gbólóhùn kúkúrú tó pé, tí a lè gbọ́, ìyẹn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ohùn sókè ní ìparí ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ bi yín pé “Ṣé ẹ ní ọkọ̀?”, ó gbé ìparí rẹ̀ sókè, ló bá di pé ó ń bèèrè ọkọ́ tí a fi ń roko. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀rọ̀ náà o. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bí ìdáhùn, “Mo ní ọkọ̀”, ẹ ó gbọ́ ohùn tó tọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí máàkì ohùn dá dúró, kí máàkì ọ̀rọ̀ náà dá dúró, kí ẹ má bàa jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ìwé ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni ọ̀nà márùn-ún, máàkì 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25: gbígbọ́ni lágbọ̀ọ́yé, ọ̀rọ̀, gírámà, ohùn àti ìró, ọ̀wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ná ọjà lọ́wọ́ ìyá àgbà tó sì ń pè é ní “o” kò tíì sọ Yorùbá, bí gírámà rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ wọn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sórí ibi ìpamọ́ yunifásítì. Ẹ má fi sórí WhatsApp láéláé.

Ìdánwò oníwèé

Èyí kò gùn. Ẹ yí ìwé ìbéèrè sí PDF kí ẹ tó fi ránṣẹ́ fún títẹ̀, torí ẹ̀rọ ọ́fíìsì lè gbé àmì ohùn jù sílẹ̀, kí àmì ìsàlẹ̀ di àpótí kékeré. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa dáhùn, ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé máàkì tí ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ “ẹ́” ju ẹyọ kan lọ: ẹnì kan á tẹ “ẹ” kó tó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn á tẹ “é” kó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹta á fi ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò kó fi àmì roboto kékeré sí i. Lójú wa ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ tí wọn kò bá ṣètò rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, á sì pe ìdáhùn tó tọ̀nà ní àṣìṣe. Ẹ fi ojú ara yín wo gbogbo ìdáhùn tó bá gba òdo.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa mú lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí àìlera, pé kí ẹ fún wọn ní ìlọ́po àkókò kan àtààbọ̀. Ìdánwò wákàtí méjì di mẹ́ta nìyẹn. Ẹ má bèèrè irú àìsàn tó ń ṣe é, kò kàn yín. Ohun tó kàn yín ni pé kí ẹ bá ọ́fíìsì ọ̀hún ṣètò yàrá ṣáájú, nítorí wọ́n ní gbèdéke tiwọn.

Máàkì: ibi tí olùkọ́ tó ti ilé lọ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Níbí, 70 ni A. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 72 lọ́wọ́ wa á máa yọ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, A ń bẹ̀rẹ̀ láti 93, A tó rẹlẹ̀ díẹ̀ láti 90, B wà láàárín 83 sí 86, 72 sì jẹ́ ìsàlẹ̀ C. Olùkọ́ tó bá fi ojú Ifẹ̀ fún iṣẹ́ tó dára gan-an ní 72 ti pa ọmọ ọlọ́mọ lára láìmọ̀, ó sì lè mú kó pàdánù owó ìrànwọ́. Kì í ṣe pé kí ẹ máa pín A bí ẹni ń pín àkàrà sàárà. Ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ A gbọ́dọ̀ ní sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìyẹn wo gbogbo wọn.

Ìpín máàkì tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì tí ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àdéhùn ni. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá gba 20 nínú 100, ẹ kò lè sọ ọ́ di 10 ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá torí pé ìdánwò wù yín jù. Akẹ́kọ̀ọ́ máa mú ìwé náà lọ bá olórí ẹ̀ka, òun ló sì máa jàre.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìṣirò kan. Yunifásítì púpọ̀ ń lo Canvas, ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti kó máàkì jọ. Ká ní iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́jọ lẹ fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe mẹ́fà, ó gba 90 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fi méjì tó kù ránṣẹ́ rárá. Tí ẹ bá fi àyè méjì yẹn sílẹ̀ lófìfo, Canvas kò ní kà wọ́n, á ní 90 ni tirẹ̀. Tí ẹ bá fi òdo sí méjèèjì, ó di 67.5. Nínú ìpín 20, ìyàtọ̀ láàárín 18 àti 13.5 nìyẹn, máàkì mẹ́rin àtààbọ̀. Ẹni tó ti ń wo 91 láti oṣù méjì sẹ́yìn, tó ti fọkàn sí A, á ṣàdéédéé rí 86.5 lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó di B. Ṣé ó burú tó bá bínú? Kò burú. Ẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà purọ́ fún un. Ní ọjọ́ tí gbèdéke bá kọjá ni kí ẹ ti fi òdo síbẹ̀, kó rí i nígbà tó ṣì lè tún un ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ gba máàkì yẹn jáde sórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ẹ fi ọwọ́ ṣírò ti èèyàn méjì mẹ́ta. Tó bá bá ti ẹ̀rọ mu, ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n máa fún yín láti fi máàkì ìkẹyìn ránṣẹ́, ti àwọn tó ń gboyè jáde sì lè ṣáájú. Máàkì tó bá ti wọlé, fọ́ọ̀mù àti ìbuwọ́lù ọ̀gá nìkan ló ń yí i padà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń kan ilẹ̀kùn lóru

Ímeèlì máa pọ̀. Òmíràn á wá láti ọ̀dọ̀ òbí. Níbí, bàbá lè wọ ọ́fíìsì olùkọ́ kó bèèrè bí ọmọ òun ṣe ń ṣe sí, a ó sì fún un ní àga. Níbẹ̀, òfin FERPA ti 1974 ló ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá òbí náà lóhùn pé kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tàbí kó lọ sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀. Ẹ má ka máàkì ẹnì kan sí etí ẹlòmíràn, ẹ má sì lẹ orúkọ àti máàkì mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Ẹ ó rí àròkọ tó mọ́ jù, tí àmì ohùn rẹ̀ pé, láti ọwọ́ ẹni tí kò lè ka àròkọ náà síta. Ẹ̀rọ ló bá a kọ ọ́. Ẹ má fẹ̀sùn kàn án lójú ẹgbẹ́, ẹ má sì dá ṣe ìdájọ́. Ẹ pè é sí ọ́fíìsì, ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kọ. Tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ kó ìwé àti àkọsílẹ̀ fún ọ̀gá tàbí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwà ẹ̀kọ́. Àwọn ló ní ìlànà.

Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀wé sí yín pé ayé sú òun, ẹ má fi dòwúrọ̀, ẹ má sì sọ ara yín di dókítà. Ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà 988, tó jẹ́ ti ìrànwọ́ pàjáwìrì ní gbogbo Amẹ́ríkà láti 2022, kí ẹ sì sọ fún ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn. Tí ewu bá ti dé tán, 911 ni kí ẹ pè. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò máa ń wọ àwọn ọmọ yìí lọ́rùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àsè ìparí

A fẹ́ràn láti fi oúnjẹ parí nǹkan, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú, lórí ìwé, ohun tí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan kò gbà. Ẹ̀pà lè pa èèyàn níbẹ̀, mi ò sọ àsọdùn. Dòdò tí a fi òróró ẹ̀pà dín, kílíṣí, súyà oníkúlíkúlí, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Edé tí a lọ̀ sínú mọ́ínmọ́ín náà ń ṣe ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé tàbí alákàn. Àwọn mìíràn kì í jẹ ẹran rárá, omi ẹran tó wà nínú ìrẹsì á bí wọn nínú. Ẹ kọ ohun tó wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀. Ẹ má gbé ọtí wá: ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ mu ún, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé bẹ́ẹ̀.

Ẹrù tiyín

Àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Ẹ̀yin FLTA, ẹ rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ lẹ̀yin náà jẹ́: iṣẹ́ méjì lẹ gbọ́dọ̀ máa kọ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ìwé ìparí tiyín á sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ ń ṣe máàkì. Ẹ kọ tiyín kí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tó wọlé, kódà bí kò tíì dán.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni gbèdéke owó orí, ó sì máa ń bọ́ sí àárín ìdààmú yìí. Fọ́ọ̀mù 1040-NR àti 8843 ni ti àlejò. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fún gbogbo èèyàn ní 1040 ti onílẹ̀. Irọ́ ni yóò bá yín kọ lórí ìwé ìjọba. Ẹ wo ọjọ́ ìparí tó wà lórí DS-2019 yín, ìwé ètò tí ẹ fi gba físà. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní lẹ́yìn rẹ̀ láti palẹ̀ mọ́ kúrò, ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí ẹ bá sì jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ kò lè fi ìwé yẹn padà wọlé. Ẹ má ti àkáǹtì báńkì pa títí owó ìkẹyìn àti owó tí onílé ń dá padà yóò fi wọlé.

Ó ku ẹni tó ń bọ̀. FLTA kì í ju ọdún kan lọ, nítorí náà ní oṣù Kẹjọ, ẹlòmíràn á jókòó sórí àga yín, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ tàbí ọmọ Iléṣà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ fi fódà kan sílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka. Kí sílábọ́ọ̀sì tí ẹ lò gan-an wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ rò pé ẹ ó lò. Kí ibi tí kíláàsì dé wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀, ìwé ìwọ̀n ìdánwò àfẹnusọ, àwọn káàdì ọjà, àti ohun tí kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ má fi máàkì tàbí ohùn ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin tó. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó di ẹrù, torí ẹni tó bá ti di àpótí tán kò ní rántí orí kejì ìwé mọ́.

Mo rí àwọn tó ti na ọwọ́ sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ fún arábìnrin yẹn ní makirofóònù, ká gbọ́ ìbéèrè wọn.